Àwọn orin tí Michael Jackson kò parí: èwo ni kí a kà mọ́ iṣẹ́ rẹ̀?

Ọmọ Òṣogbo

Ẹ̀yin olólùfẹ́ Michael Jackson, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ọmọbìnrin mi, tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá lóṣù tó kọjá, ní òun fẹ́ gbọ́ gbogbo orin Michael láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn àwo náà fún un. Láti ìgbà tó ti ń kọrin pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, títí kan Off the Wall ti ọdún 1979, Thriller ti 1982, Bad ti 1987, Dangerous ti 1991, HIStory ti 1995 àti Invincible ti 2001, kò sí wàhálà kankan. Òun ló kọ ọ́, òun ló fọwọ́ sí i, ojú rẹ̀ ló sì ṣe jáde. Ibi tí mo dé àwọn orin tó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2009 ni ọwọ́ mi ti dúró.

Àwo tí wọ́n pè ní Michael jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Xscape sì jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014. Láàárín méjèèjì, ní 2012, wọ́n tún Bad tẹ̀ jáde nígbà tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n sì kó àwọn orin tí a kò gbọ́ rí mọ́ ọn. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún Thriller ní 2022 nígbà tó pé ogójì ọdún. Àbúrò mi ní kí n kó gbogbo rẹ̀ sí i, pé òkú kò lè kọ orin mìíràn mọ́, ohun tí a bá rí ni kí a mú. Ìyàwó mi ní kí n dúró sí ọdún 2001, nítorí pé Michael jẹ́ ẹni tí í yí orin kan po títí tí yóò fi sú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, àti pé orin tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá gbé jáde, ó ní ohun tó rí lára rẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: èwo nínú àwọn orin wọ̀nyí ni ẹ̀yin kà mọ́ iṣẹ́ Michael, kí sì ni ẹ fi ń wọ̀n ọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Àbúrò mi ti sọ ìyẹn tó.


Ìyá Ìbejì

Ọmọ Òṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Ìyàwó yín sọ òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Nǹkan kì í tètè tẹ́ Michael lọ́rùn, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ iṣẹ́ tí kò tíì parí ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó ṣì wà láyé. Ní ọdún 2001, nígbà tí wọ́n tún Thriller tẹ̀ jáde, wọ́n fi "Billie Jean" kan sí i tó gbà sílẹ̀ nínú ilé ní 1981. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́. Ìlù ti wà níbẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ti ń rìn bí a ṣe mọ̀ ọ́n, ègbè náà ti fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orin kò tíì pé, ibi tó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ wà, ìró lásán ló ń fi ẹnu ṣe. Ó dà bí dùndún tó ń sọ̀rọ̀ lókèèrè, tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n tí a kò tíì mọ gbólóhùn tó ń pè. Mi ò mọ bí ẹlòmíràn ṣe gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èmi jókòó sílẹ̀ ni.

Ní 2004 náà, ọdún márùn-ún kó tó kú, àkójọ tí wọ́n pè ní The Ultimate Collection jáde, "Cheater", "Beautiful Girl" àti "Scared of the Moon" sì wà nínú rẹ̀, àwọn orin tí wọ́n ti wà nínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí mo ń sọ ni pé òun fúnra rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀ fún wa. Kò tijú pé a rí igi tí kò tíì gbẹ́ tán.

Òṣùwọ̀n tèmi kò le: ṣé bó ṣe fi í sílẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e fún wa? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo gbà á, ì báà jẹ́ ìdajì orin. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn àwọn orin tí wọ́n kó mọ́ Bad ní 2012. Matt Forger, tó bá a ṣiṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀, wà lára àwọn tó bójú tó wọn, wọn kò sì fi ìlù tuntun bò wọ́n. Nínú "Don't Be Messin' 'Round", Michael fúnra rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù. Ẹni tó bá fi ariwo ìgbàlódé bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ti fi àmù bo omi tí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ wá mu.

Ní ti àwo Michael ti 2010, kò wọ ilé mi, kò sì ní wọ ọ́. Àwọn mìíràn yóò ṣàlàyé ìdí rẹ̀ jù mí lọ.


Oníṣẹ́ Sítúdíò

Mama, mo kí yín, mo sì kí ẹni tó béèrè. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gba ohùn akọrin sílẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ohun tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń rí tí ẹni tó ń gbọ́ orin láti òde kì í rí. Nígbà tí a bá ní orin kan kò parí, kì í ṣe ohun kan náà la ń sọ nígbà gbogbo. Orin kan lè wà tí akọrin ti kọ ohùn rẹ̀ tán pátápátá, ègbè rẹ̀ wà níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìlù àti gìtá nìkan ló kù tàbí tí àwo kò gbà á mọ́. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ohùn atọ́nà ló kọ sí i, ìyẹn ohùn tí akọrin máa ń kọ́kọ́ fi lélẹ̀ kí àwọn onílù àti onídùùrù lè mọ ibi tí orin ń lọ, tó sì ní i lọ́kàn láti padà wá kọ ọ́ dáadáa. Èyí tó kéré jù ni téèpù tó jẹ́ pé ìrònú ìṣẹ́jú méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tó ní gbogbo wọn ni orin tuntun láti ọ̀dọ̀ Michael Jackson, ọjà ló ń tà.

Ti Michael tún ní ìṣòro tirẹ̀. Kò mọ orin kà lórí ìwé, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn tó lọ ilé-ẹ̀kọ́ orin ṣe ń ṣe. Ẹnu rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Yóò fi ẹnu lu ìlù, yóò fi ẹnu kọ ohùn ìsàlẹ̀, yóò kọ ohùn kọ̀ọ̀kan tí yóò para pọ̀ di ìdì ohùn dùùrù lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì ní kí àwọn tó ń lu ohun èlò orin ṣe é gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ ọ́. Nínú àwo Michael tí Mama kò fẹ́ kó wọ ilé yìí, orin kan wà tó ń jẹ́ "(I Like) The Way You Love Me", ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ni ohùn Michael tó ń fi ẹnu júwe ìlù àti orin náà fún ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, àmọ́ bí ẹ bá ní ọmọ tó fẹ́ mọ bí orin ṣe ń di orin, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ibẹ̀.

Nǹkan kejì ni ariwo ara rẹ̀. Michael kì í dúró jẹ́ẹ́ bó bá ń kọrin. Ó ń jó, ó ń ta ìka, ó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀. Bruce Swedien, tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún Off the Wall, Thriller àti Bad, kan pẹpẹ onípákó kan fún un láti dúró lé, ó sì fi ìró ẹsẹ̀ àti ìka náà sílẹ̀ nínú orin dípò kó gbá wọn dànù. Òkùnkùn ló sì fẹ́ràn láti máa kọrin nínú rẹ̀, wọ́n á pa iná. Nítorí náà, nígbà tí ẹlòmíràn bá yọ ohùn nìkan kúrò nínú téèpù àtijọ́, tó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, tó wá gbé e lé ìlù tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe, ìdajì ara ọkùnrin náà ló ti sọ nù.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, mi ò kórìíra Xscape. Orin mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, L.A. Reid tó darí iṣẹ́ náà sì ní àwọn orin tí Michael ti kọ ohùn wọn délẹ̀ ni wọ́n ṣà. Ohun tó jẹ́ kí n fọwọ́ sí i jù ni pé nínú ẹ̀dà tó tóbi jù, wọ́n fi orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí i bí wọ́n ṣe wà kí Timbaland àti àwọn yòókù tó tún wọn ṣe tó dé ìdí rẹ̀. Ẹ gbọ́ "Love Never Felt So Good" nínú méjèèjì. Ọdún 1983 ni òun àti Paul Anka kọ ọ́, Johnny Mathis sì ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1984, nígbà tí ti Michael ṣì wà nínú téèpù. Èyí tí wọ́n tún ṣe dùn, a lè jó sí i níbi ìgbéyàwó. Èyí tí kò ní ju dùùrù àti ohùn àti ìró ìka lọ ni èmi máa ń fẹ́ gbọ́ lálẹ́ tí mo bá parí iṣẹ́.


Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ kún un, nítorí mo rí i pé a ń sọ̀rọ̀ àwo Michael láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta péré ló sì dá ìjà sílẹ̀: "Breaking News", "Keep Your Head Up" àti "Monster". Wọ́n ní ọdún 2007 ni Michael kọ wọ́n nínú sítúdíò abẹ́ ilé ìdílé kan tó sún mọ́ ọn ní New Jersey. Gbàrà tí wọ́n gbé "Breaking News" sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010 ni àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ olólùfẹ́ ti ní ohùn náà kì í ṣe tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Sony tó gbé àwo náà jáde àti àwọn alámòójútó dúkìá rẹ̀ ní tirẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn ti jẹ́ kí àwọn amọ̀ṣẹ́ àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí gbọ́ ọ, wọ́n sì gbà pé òun ni.

Ní 2014, obìnrin kan tó jẹ́ olólùfẹ́ Michael pè wọ́n lẹ́jọ́ ní California, ó ní wọ́n ta ohun tí kì í ṣe ti Michael fún òun lábẹ́ orúkọ Michael. Ẹjọ́ náà rìn jìnnà. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbè sẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní California yí i padà, ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára àwo àti sínú ìpolówó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà, nítorí náà òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ìdájọ́ yẹn tó jáde ni wọ́n ti yọ orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lórí àwọn ìkànnì orin, tí àwọn méjèèjì sì ti parí ìjà láàárín ara wọn. Ilé-iṣẹ́ náà àti àwọn alámòójútó dúkìá ní yíyọ tí àwọn yọ wọ́n kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹni tó kọ wọ́n.

Ẹ kíyè sí i: ilé-ẹjọ́ kankan kò jókòó sọ pé ohùn Michael ni tàbí kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi kò fi ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mama, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe fi mẹ́ta sọ méje nù. "Much Too Soon" wà nínú àwo yẹn, orin láti ìgbà Thriller ni. "Behind the Mask" wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ olórin Yellow Magic Orchestra ti ilẹ̀ Japan ló ni orin rẹ̀, tí Michael sì kọ ọ̀rọ̀ kún un ṣáájú kí Thriller tó jáde. "Best of Joy" náà wà níbẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn orin tó ṣiṣẹ́ lé lórí kẹ́yìn. Bí ilé bá ní yàrá mẹ́ta tí òrùlé wọn ń jò, a kì í tìtorí rẹ̀ sun méje yòókù.


Ọmọ Ìran Tuntun

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Ọdún 2003 ni wọ́n bí mi, nítorí náà nígbà tí Michael kú, ọmọdé ni mí, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì. "Love Never Felt So Good" tí Justin Timberlake bá a kọ, tí wọ́n ń lù níbi gbogbo ní 2014, ló mú mi mọ ọkùnrin náà. Orin yẹn wọ ipò kẹsàn-án lórí àtẹ orin Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní òun ni akọrin àkọ́kọ́ tí orin rẹ̀ wọ ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́ níbẹ̀ nínú ẹ̀wádún márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú dùùrù àti ìka títa nìkan ni, ṣé ẹ rò pé yóò dé etí ọmọ ọdún mọ́kànlá ní Abẹ́òkúta?

Ìdí tí mo fi ń tako yín kọjá ìyẹn. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Michael dá orin ṣe, tí ẹlòmíràn wá ń fọwọ́ bà á lẹ́yìn rẹ̀. "Billie Jean" ti 1981 tí Mama jókòó sílẹ̀ gbọ́ yẹn, kó tó di èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ó kọjá lọ́wọ́ Quincy Jones tó darí iṣẹ́ àwo náà, ó kọjá lọ́wọ́ Bruce Swedien, ó kọjá lọ́wọ́ àwọn onílù àti onígìtá. Bí Michael ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ohun tuntun ló sì máa ń wá kiri: lẹ́yìn Bad, ó fi Quincy Jones sílẹ̀, ó lọ bá Teddy Riley tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, nítorí pé ọwọ́ Teddy Riley ni ìlù ìgbà náà wà. Nígbà tó di Invincible, Rodney Jerkins ló pè. Rodney Jerkins yẹn kan náà ló bá a ṣe orin "Xscape", òun náà ni wọ́n sì pè padà láti tún un ṣe ní 2014. Ẹ sọ fún mi, ta ló tún lẹ́tọ̀ọ́ jù ú lọ? Ẹni tó bá ní a gbọ́dọ̀ fi téèpù náà sílẹ̀ ní ìhòòhò nítorí ọ̀wọ̀ Michael ń ṣe ohun tí Michael fúnra rẹ̀ kì bá ṣe láéláé.

Mo gbà pé wọ́n ṣàṣejù nínú àwọn kan. Mi ò fẹ́ràn "Slave to the Rhythm" tuntun náà, ìlù rẹ̀ pọ̀ jù. Àwòrán Michael tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ṣe tó ń jó sí i níbi ayẹyẹ ẹ̀bùn orin Billboard ní oṣù Karùn-ún 2014 bà mí lẹ́rù gan-an ni. Mo sá lọ bá màmá mi ní yàrá.


Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, dìde, Ọlọ́run á bùkún ọ. Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí létí, mi ò sì lè ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí o fò dá. Lóòótọ́ ni Quincy Jones fọwọ́ ba orin rẹ̀, àmọ́ Michael jókòó sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí Quincy fẹ́ gé ìbẹ̀rẹ̀ "Billie Jean" kúrú nítorí pé ó gùn jù lójú rẹ̀, Michael kọ̀, ó ní ibẹ̀ ló ń mú òun fẹ́ jó, ó sì borí. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, Quincy ló mọ̀ ju gbogbo wọn lọ nínú yàrá yẹn.

Ohun tó kúrò láyé pẹ̀lú rẹ̀ ní 2009 nìyẹn. Ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú téèpù, ẹ lè lò ó bó ṣe wù yín. "Rárá" rẹ̀ ni kò sí mọ́. Rodney Jerkins lè jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ìlù yìí kò dára, lọ ṣe é padà. Bí ológbò kò bá sí nílé, ó lè jẹ́ èkúté tó ní ìwà rere ló wà níbẹ̀, èkúté náà ṣì ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ lórí méje yòókù. Màá ronú sí i.


Ará Peckham

Láti ìlú London ni mo ti ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ "rárá" tí Mama sọ yìí rán mi létí ohun tí àwọn akọrin mìíràn ti ṣe. will.i.am bá Michael ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Ireland ní 2006, orin wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà, ó sì ti sọ ní gbangba pé òun kò ní gbé wọn jáde, nítorí pé Michael kò sí níbí láti fọwọ́ sí wọn. Ẹni tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ orin Universal níbí nígbà náà: lẹ́yìn ikú akọrin Amy Winehouse ní 2011, tí àwo àkójọ kan sì ti jáde, ó ba àwọn téèpù orin tó kù jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn lò lẹ́yìn òun. Ọdún 2015 ló sọ ọ́ fáyé. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí n sunkún. Ọ̀wọ̀ ni, àmọ́ ẹni tó sun aká baba rẹ̀ kí olè má baà wọ ibẹ̀, kò ní iṣu jẹ.

Fún ọmọ yín, Ọmọ Òṣogbo, ẹ má gbàgbé ti Freddie Mercury, akọrin ẹgbẹ́ Queen. Ní 1983, ó lọ sí ilé Michael ní Encino, wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lórí orin mẹ́ta, wọn kò sì parí ìkankan. Michael padà kọ ọ̀kan nínú wọn, "State of Shock", pẹ̀lú Mick Jagger ní 1984. Freddie náà dá kọ "There Must Be More to Life Than This" sínú àwo tirẹ̀ ní 1985. Freddie kú ní 1991, Michael kú ní 2009, ní 2014 ni William Orbit tó da ohùn àwọn méjèèjì pọ̀ nínú orin yẹn, tí Queen sì gbé e jáde. Wọ́n tún un ṣe o, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn méjèèjì wà láyé nígbà tí wọ́n pàdé, kò sí ẹni tó fi òkú kan bá òkú kejì sọ̀rọ̀.


Ọmọ Òṣogbo

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, èmi àti ìyàwó mi sì ti jọ jókòó lé e lórí. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé ọdún tí orin jáde ni mo fi ń tò wọ́n. Nísinsìnyí, ọdún tí Michael kọ orin náà ni mo fi ń tò wọ́n. "Billie Jean" inú ilé ti 1981 ti wà ṣáájú Thriller, "Love Never Felt So Good" onídùùrù sì ti wà láàárín Thriller àti Bad, níbi tó yẹ kí ó ti wà láti ọjọ́ yìí wá. Mo gba ti Ọmọ Ìran Tuntun náà: àwọn orin tí wọ́n tún ṣe wà ní apá kan ọ̀tọ̀ lẹ́yìn ọdún 2009, mo sì kọ orúkọ ẹni tó tún un ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ náà lè mọ ẹni tí yóò yìn àti ẹni tí yóò bá wí. Mo mú méje nínú mẹ́wàá ti àwo Michael, mo sì fi mẹ́ta yẹn sílẹ̀. Àbúrò mi ń bínú. Yóò tutù.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí a dé "Billie Jean" ti 1981, ọmọ náà ní kí n dá a dúró, ó béèrè pé èdè wo ló ń sọ níbẹ̀. Mo ní kì í ṣe èdè kankan, kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ni. Ó ní kí n tún un lù láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí àwọn ibi tó ṣófo, ọ̀rọ̀ nípa olùkọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ níbí.

Ẹyọ kan ló kù tí mi ò rí àyè fún. "This Is It", tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2009. Mo rí i pé òun àti Paul Anka ló kọ ọ́ ní 1983, pé wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde láìdárúkọ Anka kí wọ́n tó gbà pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti Anka, àti pé àwọn ẹ̀gbọ́n Michael ló kọ ègbè sí i lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣé kí n fi í sí 1983 ni, tàbí kí n fi í sí àárín àwọn tí wọ́n tún ṣe?


Oníṣẹ́ Sítúdíò

Bí a bá tẹ̀lé òfin tí ẹ ti fi lélẹ̀, àárín àwọn tí wọ́n tún ṣe ló yẹ kó wà. Ègbè tó wà nínú rẹ̀ kò sí nínú téèpù 1983.


Ìyá Ìbejì

Ẹ fi í sí 1983, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó bá a bẹ̀rẹ̀ orin nílé ní Gary, ìlú tí wọ́n bí i sí, ló gbè é, kì í ṣe àlejò.